Ṣàì, Ṣáì

3.

…Bàbá sì tún sọ ọ́.

"Ṣàì."

Màmá mi sáré lọ gbé oògùn.

1.

(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Ẹ má bínú.)

Èmi ni Naimat. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá àgbà mi, Àlàájì Bùràímọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Ó ṣẹ́ ọ̀kan kù.

4.

ÌKÉDE
(Màmá mi ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá)

Ẹ MÁ PARIWO.
Ẹ MÁ BÉÈRÈ BÓYÁ BÀBÁ TI JẸUN.
BÀBÁ Ò TÍÌ JẸUN.

5.

Ìtúmọ̀ tí gbogbo ilé fọwọ́ sí:

*ṣàì* = ṣàìsàn = ara ò yá = oògùn.

Bàbá ń ti oògùn dànù. Wọ́n ń ti tíì náà dànù. Nílé wa, tíì ni ohunkóhun tó bá gbóná tí mílíìkì wà nínú rẹ̀. Ì báà jẹ́ kòkó, tíì ni.

6.

Dókítà: Tí wọn ò bá mu nǹkan kan títí di ọ̀la, a máa ki rọ́bà bọ imú wọn.

Màmá mi wọ bálùwẹ̀, wọ́n ṣí omi kí n má baà gbọ́ ẹkún.

Mo gbọ́.

7.

Sábó. Mo lọ ra búrẹ́dì. Ọlọ́kadà kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú Ahmad, ará Hausa tó ń ta tíì níbẹ̀.

"Ahmad, ṣáì kan. Kó gbóná o."

Mo yọ fóònù lápò.

8.

Fóònù.

ÈMI: Màmá, Bàbá ṣòwò obì dé Kánò rí, àbí?

MÀMÁ: Kí wọ́n tó bí mi ni. Èwo ni tìẹ nínú ìyẹn?

ÈMI: Kì í ṣe àìsàn ni wọ́n ń wí. Ṣáì ni, tíì àwọn Hausa. Ọ̀dọ̀ Ahmad ni mo wà yìí.





MÀMÁ: Má jẹ́ kó fi mílíìkì sí i. Wọ́n máa ń sọ pé mílíìkì ń bà á jẹ́.

9.

Mo kà á lórí fóònù nígbà tí Ahmad ń ju atalẹ̀ àti kànáfùrù sínú ìkòkò:

Ṣáínà ni ewé náà ti wá. Ibi tó bá ọkọ̀ ojú omi dé, tíì ni wọ́n sábà ń pè é. Ibi tó fẹsẹ̀ rìn dé, orúkọ kejì, ṣá, ló bá a lọ. Lárúbáwá pè é ní ṣáì, Hausa gbà á lẹ́nu wọn. Òyìnbó gbé tíì gba orí òkun.

Àwọn méjèèjì wá pàdé nílé wa l'Ẹ́dẹ, wọn ò dá ara wọn mọ̀.

10.

Ṣíbí ṣáì kan.

Bàbá gbé e mì.

11.

Ṣíbí mìíràn. Omi ń bọ́ lójú Màmá. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé búrẹ́dì sí Sábó.

12.

BÀBÁ: Ṣú.

MÀMÁ: Wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú. Tan iná.

ÈMI: Ṣúgà ni, Màmá.

(Oòrùn ṣì ń wọlé láti ojú fèrèsé.)

MÀMÁ: Ìwọ náà ti di ògbufọ̀.

Màmá tan iná. Èmi gbé ṣúgà.

13.

ÌKÉDE
(tuntun, èmi ni mo kọ ọ́)

BÀBÁ Ò *TÍÌ* SỌ̀RỌ̀ DÁADÁA.

2.

(Èyí ló kẹ́yìn. Ẹ má bínú.)

Bàbá wo iná. Wọ́n wo ṣúgà.

Wọ́n tún la ẹnu.