Ẹ Bi Àdìgún

"Ẹ bi Àdìgún," ni Norbert ń wí. "Ẹ bi Àdìgún! Kì í purọ́."

Gáàdì méjì onífìlà pupa ti ká a lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń fi okùn tó fi ń sá aṣọ dè é. Ọṣẹ ṣì wà ní apá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Agbada omi tó ń fọ aṣọ nínú rẹ̀ ti dojú dé, omi ọṣẹ sì ṣàn la àgbàlá kọjá títí ó fi dé ẹsẹ̀ Àdìgún kúùkù, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àlùbọ́sà tí kò tíì bó tán lọ́wọ́.

Ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà Màdáàmù ló sọnù. Norbert alágbàfọ̀ ló máa ń wọ yàrá lọ kó aṣọ tó dọ̀tí, òun ni wọ́n sì mú. Innocent, akọ̀wé àwọn ọlọ́pàá, ọmọ Sákété, ti jókòó sídìí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ki gègé bọ tàdáwà, ó ń dúró.

Màdáàmù kọjú sí Àdìgún. "Ìwọ kúùkù, ṣé o rí ẹni tó mú ẹ̀gbà mi?"

Àdìgún rí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó gbé kọfí wọ yàrá, ó bá ọ̀gá, ọkọ Màdáàmù, nídìí àpótí ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dán. Ọ̀gá wò ó, ó fi ìka kan ètè, ó sì ti wúrà náà bọ àpò.

Ọ̀gá yẹn náà ló jókòó ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, tó ń ro kọfí. Kò gbójú sókè. Ṣíbí rẹ̀ ń yí, ó ń kan etí ife.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Àdìgún, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ìwé kan tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún ló jẹ́ kí wọ́n gbà á láyè ní Lómé láti ọdún méjìlá. Ó rántí ìwé náà. Ó rántí Sàrátù ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ mẹ́rin tí kò mọ ilé mìíràn.

"Mi ò rí nǹkan kan, Màdáàmù."

Gègé ha sórí ìwé. Innocent pè é, ó bá a ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Norbert wo Àdìgún bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé ilé tó mọ̀ dáadáa, tó wá bá a ní ahoro. Wọ́n sì mú un lọ.

Ọdún karùndínlógún rèé tí Faransé ti ń ṣàkóso Lómé. Kò sí ọmọ ìlú tí kò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá mú láàárọ̀, wọ́n lè ti dá a lẹ́jọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ọ̀gá wọ ilé ìdáná, ohun tí kò ṣe rí.

"Ọlọ́gbọ́n ni ọ́, Àdìgún," ló fi Faransé wí. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Wọn ò ní pẹ́ dá a sílẹ̀." Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó jáde.

Ní Zongo, àdúgbò àwọn àjèjì tí Àdìgún ń gbé, bí ẹni méjì bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ní èṣí, níwájú gbogbo jámáà, ó jẹ́rìí ta ko Kàsúmù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, pé ó ti sún ògiri rẹ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni Kàsúmù fi yan án lódì. Àdìgún fara dà á. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn sí ìyà náà díẹ̀. Ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n bó ti ń fọ àwo lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wá ń rò ó pé nínú gbogbo òtítọ́ tí òun ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, kò sí ọ̀kan tó lè lé òun kúrò nílé.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó mú búrẹ́dì gígùn méjì, ó kọjá ọ̀sà, ó gun òkè Tokoin, níbi tí ilé Norbert wà láàárín oko ẹ̀gẹ́. Élise, ìyàwó Norbert, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n ó dìde nígbà tó rí i.

"Fo Àdìgún," ló wí, bí àwọn Mina ti ń pe ẹ̀gbọ́n. "Wọ́n ti sọ fún mi. Ológbà nawọ́ sí i. Ọmọ-ọ̀dọ̀ nawọ́ sí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ̀ láti sọ pé òun ló mú un. Ẹ ṣé o. Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín."

Àdìgún na búrẹ́dì náà sí i. "Élise, mi ò kọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ ni."

"Ọ̀kan náà ni," ni obìnrin náà wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba búrẹ́dì. "Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un. Ọ̀la, ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n á kó wọn lọ sókè lọ fọ́ òkúta ọ̀nà. Ẹ sì mọ ikọ́ rẹ̀, Fo. Kò tíì lọ."

Ó fẹ́ lọ bu omi fún un. Àdìgún ní kó má ṣèyọnu. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti Tokoin, ó padà sílé ọ̀gá.

Màdáàmù nìkan ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí òkun. Ọ̀gá ti lọ bá àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ta káàdì.

"Màdáàmù, ọ̀gá ló mú un. Mo rí i."

"Mo mọ̀."

Àdìgún rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa.

"Mo rí i lọ́wọ́ Véronique, aránṣọ yẹn, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì," ni Màdáàmù wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ lójú ọkọ mi. Norbert ní o kì í purọ́. Mo gbà á gbọ́."

"Mo lè sọ ọ́ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Kí n lọ fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sọ fún gbogbo Lómé pé ọkọ mi ń kó ohun ọ̀ṣọ́ mi fún aránṣọ? Láàárọ̀, ẹnu rẹ ni ì bá ti jáde, kì í ṣe ẹnu mi." Ó tún kọjú sí òkun. "Má fi ata sí ọbẹ̀ alẹ́."

Àdìgún wọ ilé ìdáná. Ó tú aṣọ ìdáná, ó ká a, ó fi í sórí àga. Iná tó ti dá sílẹ̀ fún ọbẹ̀, ó bu omi pa á. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún òun àti Sàrátù àtàwọn ọmọ. Ó jáde.

Innocent ló bá lẹ́nu ọ́fíìsì ọlọ́pàá, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Àdìgún rò ó fún un láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Akọ̀wé náà gbọ́ ọ tán, kò sì yà á lẹ́nu.

"Bàbá, ohun tí ẹ sọ láàárọ̀ ti wọ̀wé. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ̀yin náà á wọlé ẹ̀wọ̀n."

"Kí n wọlé."

Innocent rí kọ́kọ́rọ́ náà, ó fà á yọ. "Òyìnbó tó máa fọwọ́ sí i ti lọ sílé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń dé. Ọkọ̀ ojú irin ò ní dúró dè é."

"Jẹ́ kí n rí Norbert, nígbà náà."

"Ẹbí nìkan la ń gbà láyè. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Ọ̀rẹ́ ló wá sí Àdìgún lẹ́nu. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Norbert fi jọ ń jẹun ọ̀sán nínú àwo kan. Nígbà tí Sàrátù ń rọbí àbíkẹ́yìn wọn, Norbert ló sáré nínú òjò lọ pe agbẹ̀bí. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ó sì rí i pé irọ́ ni yóò jẹ́, irọ́ kejì láàárín ọjọ́ kan.

"A jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé kan náà ni," ló wí.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹbí, bàbá."

"Mo mọ̀."

Ó dúró síbẹ̀ títí Innocent fi ti ilẹ̀kùn, tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tì dáadáa, tó sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, tó kí i pé ó dàárọ̀.