Ẹyìn Kan Lọ́nà Oko

Agbada tí mo fi ń yan gààrí ni Tísà Akínkúnmi sọ di oòrùn. Ó gbé e síwájú ilé ẹ̀kọ́ àgbà wa ní Ìrè lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó ní bí oòrùn bá tóbi tó báyìí, ayé wa kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ó fi ẹ̀wà náà lé Samson ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní kó lọ dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tísà, àti Lọ́ndọ̀nù tí àbúrò mi wà?" Samson bi í.

"Àti Lọ́ndọ̀nù, Bàbá Gift. Ẹ má jẹ ẹ́ o."

A rẹ́rìn-ín. Bísí tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ mú ọsàn kan, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ, lọ sí iwájú ọjà. Èmi ni Tísà fún ní ẹyìn kan, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù lọ. Ó ní kí n gun ọ̀kadà lọ sí máìlì kejì lọ́nà oko, kí n dúró níbẹ̀, òun yóò rán ọ̀kadà wá mú mi.

Ọlọ́kadà sọ̀ mí kalẹ̀, ó yí padà. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí agbada, n kò rí ilé kankan. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé bí agboolé ṣe ń kan agboolé ni àwọn nǹkan ojú ọ̀run ṣe wà. Tísà sì ti ní ọ̀nà yìí gan-an ṣì kún jù, pé láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kò sí koríko, kò sí afẹ́fẹ́, ohùn kò lè dé ibì kankan.

Mo dúró títí, ọ̀kadà kankan kò padà wá. Lóko wa, ẹni tó bá dá wà a máa ké "Ooo!" Ẹni tó wà lóko kejì á dáhùn, wọ́n á mọ̀ pé àwọn méjèèjì wà láàyè. Mo ké. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Fóònù mi kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo wá rántí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí wọ́n jí ọkùnrin kan gbé lọ́nà yìí. Ọkọ́ rẹ̀ la bá lórí ebè.

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Mo kó sínú koríko.

"Ooo!"

Kò pe orúkọ. Láti kékeré ni ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé lójú ọ̀nà, a kì í jẹ́ ìpè tí kò bá lórúkọ. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ẹsẹ̀ náà kọjá. Ó tún ké níwájú, ẹkún sì wà nínú ohùn náà, ó jọ ti ọkọ mi. Bí mo bá tún dákẹ́, yóò lọ.

"Bàbá Gift!"

Samson padà wá, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Mo ké ké, o ò dáhùn!"

"Orúkọ ta lo pè?"

"Ṣé kí n pè ọ́ kí àwọn ajínigbé gbọ́ pé o wà nínú igbó?"

Ó wọ bàtà rẹ̀, a rìn padà, ó di ọwọ́ mi mú ṣinṣin.

"Ẹ̀wà ńkọ́?" mo bi í.

Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ kejì. Òfìfo ni.

Lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, Tísà àti àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń tú koríko, wọ́n ń wá ẹ̀wà náà. Adìẹ kan ń jẹ̀ kiri láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.