Ọwọ́ Sìlífátù Kò Tíì Kan Etí

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ti Fàsásì, télọ̀ Ọ̀wọ̀, kò sì ká iṣẹ́ méjì mọ́. Bó bá ránṣọ títí di ìrọ̀lẹ́, á tún fi ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kọ a-b-d sára aṣọ dúdú fún Sìlífátù àti àbúrò rẹ̀. Kó tó débi kan, oorun ti gbé e lọ.

"Bàbá Sìlífátù, ilé ìwé ti di ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ kí tíṣà gba Sìlífátù lọ́wọ́ yín," ni Àbẹ̀ẹ́bí, ìyàwó rẹ̀, wí.

"Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan etí."

Ọmọ tí kò bá lè na ọwọ́ gba orí kan etí kejì, tíṣà kì í gbà á. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Fàsásì ń dán an wò, ọwọ́ kì í dé ibẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ta jí. Sìlífátù ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ó gbé tòsì gba orí, ó ń fi họ etí ọ̀tún.

"Láti ìgbà wo?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ó ti pẹ́, Bàbá. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa jí yín?"

Fàsásì fẹ́ bínú, àárẹ̀ kò jẹ́. Ó fa téèpù yọ, ó wọn èjìká rẹ̀ fún aṣọ ilé ìwé.

"Na ọwọ́ náà dáadáa. Àbúrò rẹ ni yóò máa jí mi."