Ibi tí Tíṣà Fọ̀pá Kàn

“Tíṣà, Lọ́ńdọ̀nù wá dà níbẹ̀?”

Ìyá Nàfísátù ló dìde béèrè láàárín èrò. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé ilé ìwé, kí sinimá tí ìjọba gbé wá sí Àpòmù lè hàn. Lára ògiri, ayé rèé roboto! Àwọn òyìnbó tó fò lọ sí òṣùpá ló yà á láti òkè.

Barnabas Adépọ̀jù ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀rọ náà yá jù, ìdajì ni Barnabas ń gbọ́. Ìdajì tó kù, ó ń fi tiẹ̀ dí i. Ta ló fẹ́ dúró níwájú àwọn àgbà, kó ní òun kò mọ̀? Tíṣà kẹ̀!

“Lọ́ńdọ̀nù nìyí,” ó fọ̀pá kan ibi tó funfun. “Àpòmù wa sì nìyí. Ẹ wò ó, wọn ò jìnnà síra rárá!”

Èrò pàtẹ́wọ́. Ìyá Nàfísátù jáde síwájú, ó fọwọ́ kan ibẹ̀. Ọdún keje rèé tí Mọ́nsúrù ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ Barnabas, ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún mẹ́ta rèé tí kò kọ lẹ́tà mọ́.

“Alihamudulilai! Mọ́nsúrù, àṣé o ò jìnnà!” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Oko kòkó bàbá ẹ ni n ó tà. N ó fi owó rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi wá ọ wá.”

Bí fíìmù ṣe parí, Olúsànyà tó ń yí ẹ̀rọ náà sún mọ́ Barnabas.

“Tíṣà, ìkùukùu lẹ pè ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn o. Apá ọ̀dọ̀ wa ò tilẹ̀ hàn níbẹ̀.”

Ojú ti Barnabas, ó dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Síbẹ̀ kò lọ jẹ́wọ́. Ó rò pé Ìyá Nàfísátù á gbàgbé ọ̀rọ̀ oko títà. Irọ́ lásán! Ta ní í gbàgbé ọmọ?

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Nàfísátù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fájánà tó fẹ́ ra oko ti dé láti Ìkirè, ó jókòó ti ìyá. Barnabas dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, tòun ti ṣòkòtò tíṣà.

“Ìyá, ẹ má tà á. Mo purọ́ fún yín ni. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀.”

Ìyá kọjú sí i.

“Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, àbí?”

“Ó jìnnà gan-an, ìyá.”

“Nítorí kí ojú má baà tì ọ́, lo ṣe fẹ́ jẹ́ kí n ta ogún ọmọ mi?”

Fájánà wọ bàtà rẹ̀, ó ní ó dìgbà kan ná. Ìyá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó sórí àpótí rẹ̀. Kò ní kí Barnabas dìde, tíṣà náà kò sì dìde kúrò nínú eruku.