Ìgò Alápẹ̀rẹ̀ Kì í Padà Lófìfo

Bí ẹ bá dé Kétu, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èmi Ògúndìran ni mo dá ọgbọ́n ìgò sílẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ìyìn náà, ó sì ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n bí Thérèse ìyàwó mi bá wà nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà sí ti òjò.

Iṣẹ́ páànù ni mo ń ṣe, ní etí ọ̀nà tó lọ sí Idigny. Garawa tó lu, fìtílà tó ń jò, táǹkì alùpùpù, òjé ni mo fi ń lẹ gbogbo wọn. Lórí ilẹ̀ gíga tiwa yìí, níbi tí omi ti jìn sí ìsàlẹ̀, tí àwọn obìnrin ń rìn títí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó rí omi pọn, garawa tó ń jò lè tú ilé ká. Nítorí náà iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n òjé kì í lẹ̀ mọ́ páànù tó bá dógùn-ún. Ásíìdì ni a fi ń nù ún kó tó gbà, ìyẹn omi kan tí wọ́n ń fi iyọ̀ ṣe, tó ń rú èéfín, tó ń ta ni nímú. Láìsí ásíìdì, ẹni tó jókòó ti iná lásán ni mí.

Tẹ́lẹ̀, ife kọ̀ọ̀kan ni mo ń rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ife kan, iye adìyẹ kan. Ó di ọdún kẹta tí wọ́n ti sọ àsíá Faransé kalẹ̀, ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan dìde lẹ́yìn Kutọnu. Firmin, àbúrò Thérèse, ríṣẹ́ níbẹ̀, òun ló sì là mí lóye. Ó ní ọṣẹ ń fẹ́ sódà, inú iyọ̀ ni sódà ti ń jáde, ṣùgbọ́n sódà kì í dá jáde. Bí ó bá gba ọ̀tún jáde, ásíìdì á gba òsì.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọn kò fẹ́ ẹ. Bí ọṣẹ bá ṣe ń tà tó ni ásíìdì ń pọ̀ tó. Wọn kò lè dà á sínú ọ̀sà, àwọn apẹja á yọ àdá sí wọn. Wọn kò lè tọ́jú rẹ̀ sínú irin, á jẹ irin náà tán."

"Kí wá ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé e lọ."

Inú mi dùn ju ti ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè lọ. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, ìgò ni. Dígí ni ásíìdì kò lè jẹ, nítorí náà inú ìgò oníkùn ńlá ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, tí wọ́n hun apẹ̀rẹ̀ sí lára kó má baà fọ́. Ilẹ̀ Faransé ni ìgò alápẹ̀rẹ̀ yìí ti ń wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju igba fáráǹ lọ, ìgò fúnra rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rin. Aṣọ wá níye lórí ju ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ogún ìgò ni Firmin kó wá sí Kétu, pẹ̀lú lẹ́tà. Lẹ́tà náà ní kí ẹni tó bá ra ásíìdì san igba fáráǹ, kó fi igba mìíràn ṣe owó ìdógò lórí ìgò. Ó ní bó bá di ogójì ọjọ́, kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù wọn, á wá kó ìgò padà, kí gbogbo wọn pé, kí wọ́n ṣófo, kí wọ́n gbẹ. Bí ọ̀kan bá dín, kámíọ̀ kò ní gba ọ̀nà Kétu mọ́. Èmi ni mo ṣe onídùúró. Mo tẹ ìka mi sábẹ́ lẹ́tà náà. Bí ó bá bàjẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Firmin nìyẹn, èmi náà á sì padà sídìí ife àti adìyẹ.

Mo mú ìgò kan fún ara mi, mo ní kí Firmin fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ mi sí i lára. Mọ́kàndínlógún tó kù tán láàárín ọjà méjì. Àwọn obìnrin ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i rà. Mo wò ó, mo ní Kétu mà ti lajú, gbogbo ìlú ti di oníṣẹ́ ọwọ́. Ó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ páànù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan tí mo gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Agathe kọjá, arúgbó tó ń ṣe àdín, òróró ekùrọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Gbogbo koríko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti jóná láìsí iná. Ìgò alápẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, àdín kún inú rẹ̀ bámúbámú.

"Ìyá," mo ní, "ásíìdì ńkọ́?"

"Mo dà á nù, ọmọ mi. Omi yẹn kò wúlò. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn, ìgò gidi ni."

Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé ẹgbẹ̀ta fáráǹ ni àwọn tó ń ṣe ọtí sódàbì ń ra òfìfo rẹ̀ lọ́jà. Akọ̀wé tó jókòó sí Kutọnu gbé owó ìdógò kalẹ̀ láìfojú kan ọjà Kétu rí. Àwọn obìnrin wa ti ṣe ìṣirò náà kí Firmin tó sọ ẹrù tán. Lójú tiwọn, ásíìdì kàn jẹ́ ìdérí tí wọ́n ní láti ṣí kúrò kí wọ́n tó lo ìgò.

Mo bínú. Èmi àti Firmin bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé dé ilé, mo ń pariwo òfin, mo ń pariwo ìjọba, mo ń pariwo ẹ̀wọ̀n. Ilé tí a bá dé, wọ́n á fún wa ní ìjókòó, wọ́n á fún wa lómi, wọn kò sì ní mọ ohun tó ń jẹ́ ìgò. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ìgò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa, tèmi.

"Bàbá Désiré," Thérèse ní, torí Désiré ni àkọ́bí wa, "ẹ dákẹ́ ariwo. Ìgò kì í gbọ́ ariwo."

Ó ró aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó jáde lọ bẹ̀ wọ́n. Ìgbà tó padà dé, ó ní, "Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí ojú tì yín. Gbogbo wọn á dá ìgò padà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa padà lófìfo."

Ẹ mọ àṣà ilé wa. Bí aládùúgbò bá gbé abọ́ oúnjẹ wá fún ọ, abọ́ náà kì í padà lófìfo. Bó ṣe iyọ̀ díẹ̀ ni, bó ṣe ata márùn-ún, nǹkan á wà nínú rẹ̀, kí òṣì má baà bá abọ́ náà wọ ilé onílé. Àwọn obìnrin ní àdín ni àwọn á fi dá ti Kutọnu padà.

Firmin ka lẹ́tà náà fún Thérèse ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n ṣófo. Kí wọ́n gbẹ.

"Ẹni tó kọ ọ́," Thérèse ní, "ṣé kò ní ìyá ni?"

Mo sọ fún un pé èmi ni baálé, pé ìka mi ló wà lábẹ́ ìwé, pé òfìfo ni mo wí. Ojú rẹ̀ báyìí ni mo ṣe da ásíìdì tó kù nínú ìgò tèmi nù, ásíìdì tí mo nílò, kí n lè fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ó dára." Ẹni tó bá fẹ́ obìnrin Kétu á mọ̀ pé "ó dára" bẹ́ẹ̀ yẹn kò dára rárá.

Ọjọ́ pé, kámíọ̀ dé. Mùsé Jean-Baptiste, ọ̀gá tó ń yẹ ẹrù wò, sọ̀ kalẹ̀, ọmọkùnrin Àjàṣẹ́ kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun sínú eruku pupa wa. Ogún ìgò wà nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, a fi kùùkù àgbàdo dí wọn lẹ́nu, obìnrin kọ̀ọ̀kan sì ti so àkísà aláwọ̀ tirẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kà wọ́n, wọ́n pé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọ̀kan, ìgò kò kúrò nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dún.

Ó yọ kùùkù. Àdín. Ó yọ òmíràn. Àdín. Mọ́kàndínlógún ló ṣí tó bá àdín nínú wọn. Èyí tó ṣófo kò ju ọ̀kan lọ, orúkọ mi ló sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Thérèse wo ìgò náà bí ẹni tí ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ já lójú àlejò.

"Ta ló ní kí ẹ da òróró sínú ìgò ilé iṣẹ́?" Mùsé Jean-Baptiste bèèrè. Ó ti fa bírò yọ láti kọ Kétu sínú ìwé ẹ̀sùn. Mo rí ife, mo rí adìyẹ.

Thérèse kúnlẹ̀. "Mùsé, ẹ má bínú. Omi eérú tó ń pa oró ásíìdì la fi fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó hó, ó hó, títí kò fi hó mọ́. Ẹ̀yìn ìlú lọ́hùn-ún la ti lọ pọn omi náà. Ìgò yín mọ́."

Bírò dúró. Ó na ìka sínú àdín, ó gbóòórùn rẹ̀. "Eélòó lẹ ń ta èyí?"

"A kò tà á fún yín. Ìgò la dá padà."

Ó jókòó sórí àpótí mi, ó dojú lẹ́tà délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò sẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ra àdín ọṣẹ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń sanwó kámíọ̀ tó ń lọ kó o. Kámíọ̀ tó dúró níwájú wa yìí, iye epo kan náà ló ń mu, ì báà ru ẹrù, ì báà ru atẹ́gùn. Ó ṣírò tán. Ó ká lẹ́tà náà sápò, ó ní kí wọ́n máa kó ẹrù. Ìka méjì ló fi gbé ìgò tèmi.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti ra ásíìdì ife mẹ́ta. Ní ọjọ́ ọjà, kámíọ̀ yọ, Firmin jókòó sórí ẹrù bí olóyè. Ó ka lẹ́tà tuntun sétí gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ á máa ra àdín àwọn obìnrin Kétu ní lítà-lítà, owó ti àkọ́kọ́ nìyí, ìgò wọn náà nìyí, kò sí owó ìdógò mọ́. Èéfín ń yọ lẹ́nu àwọn ìgò náà. Ásíìdì kún inú wọn.

"Eélòó ni ásíìdì báyìí?" mo bi í.

"Ọ̀fẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Mùsé Jean-Baptiste ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Màmá ní kí ló fẹ́ fi dá ìgò àwọn obìnrin náà padà. Mùsé ní òfìfo ni. Màmá ní ṣé bí òun ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ohun tó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n rọ sí i."

Àkísà àkísà ni Firmin fi ń dá ìgò mọ̀, tó ń pín in fún onígò. Ó pe orúkọ mi kẹ́yìn. Mo tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì àti gbogbo agbára mi gbé e. Ìgò fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lágbọ̀n. Ó ṣófo. Ó gbẹ.

"Bí ẹ ṣe fi ránṣẹ́ ni wọ́n ṣe dá a padà," Firmin ní.

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Thérèse nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá Agathe ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n wá kó omi burúkú yìí kúrò nílé òun, òun fẹ́ da àdín sínú ìgò. Mo gbé òfìfo mi lọ, mo rọ ásíìdì rẹ̀ sínú tèmi, mo dúpẹ́, mo ní màá fọ ìgò tirẹ̀ wá. Mo fi omi eérú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta títí kò fi hó mọ́. Mo gbé e dání, mo fẹ́ máa lọ. Mo tún gbé e sílẹ̀.

Mo gé páànù tuntun. Mo fi ásíìdì nù ún, mo fi òjé lẹ̀ ẹ́, mo ṣe àrọ kan tí wọ́n á máa fi rọ òróró, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ki ìdí àrọ náà bọ ẹnu ìgò Ìyá Agathe kí n tó gbé e lé èjìká. Thérèse wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ó dára," ó ní.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó dára lóòótọ́.