Ẹni Méjì Lórí Súkúrù Kan

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín dúdú sí obìnrin tó ń fa okùn rẹ̀ lójú, ó sì dákẹ́. Obìnrin náà tún fa okùn náà. Ó fà á títí apá fẹ́ yẹ̀ lóríkèé, ìwúkọ́ nìkan ló ń rí gbà.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà kọ́ ara pákó tó nípọn, wọ́n sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí nítòsí, ó ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

"Mo ní kí o má fà á bí ẹni fa ewúrẹ́," ni ìyá wí. "Ẹ̀tàn ló fẹ́."

"Ẹ wá tàn án, Màámi."

"Ṣé o ò mọ̀ pé apá ń dùn mí ni?"

Apá yẹn ló bí gbogbo ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ìyá ti ń fi ọkọ̀ yìí gbé èrò sọdá odò, àfìgbà tí èjìká ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ fún un lákòókò òjò. Ẹ̀rọ wá sùn sábẹ́ tapólì títí òjò fi lọ. Ní báyìí, ọ̀gá ilé-ìwé tó wà lódìkejì odò ti gbà pé kí ọmọ máa gbé àwọn olùkọ́ òun sọdá láràárọ̀, òwúrọ̀ ọ̀la ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá yẹn kì í ṣeré. Bí agogo àkọ́kọ́ bá dún tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò tíì gúnlẹ̀, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbé wọn lọ́jọ́ kejì. Láti kékeré ni obìnrin yìí ti ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀, tó ń so okùn, tó ń gbé ẹrù oníẹrù. Iṣẹ́ yìí ni àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa pe òun fúnra rẹ̀ sí, kò sì fẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ká má purọ́, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti da epo àtijọ́ nù, wọ́n ti ha plọ́ọ̀gì mọ́, wọ́n ti tú kábúrétọ̀ palẹ̀ sínú abọ́ ìfọṣọ, wọ́n sì ti fẹnu fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀ títí ẹnu wọn fi ń rùn fún epo. Nígbà tí wọ́n tò ó padà, nǹkan kan ṣoṣo ló kù láti ṣètò: súkúrù idẹ kékeré kan lára kábúrétọ̀, òun ló ń pàṣẹ bí epo tí ẹ̀rọ máa mu ṣe máa pọ̀ tó. Ibẹ̀ ni ìjà wà.

"Dì í," ni ìyá wí. "Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ọ̀mùtí."

"Ebi ló ń pa á, Màámi. Títú ló yẹ ká tú u."

"Ọdún mélòó lo fi jókòó tì í?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi ni."

"Olórí Kunkun!"

Bí ìyá ṣe máa ń pè é nìyẹn tí inú bá bí i, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ọmọ ti lọ yá orí kunkun náà. Ẹni tó bíni là ń jọ.

Ọmọ tú u. Ó fa okùn, ẹ̀rọ sì bú ramúramù, omi inú dúrọ́ọ̀mù ń hó yaya. Ó pa á, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ mu omi. Nígbà tó padà dé tó tún fa okùn, ìwúkọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ wo súkúrù, kò rí bó ṣe fi í sílẹ̀ mọ́, ẹnì kan ti dì í.

"Màámi, ẹ fọwọ́ kàn án ni?"

"Èmi? Mo jókòó jẹ́ẹ́ síbí ni o. Ojú súkúrù yẹn ló ti jẹ. Bí ẹ̀rọ bá gbọ̀n, òun náà á yí."

Ọmọ gbà á gbọ́. Ó fi òwú wé ọrùn súkúrù kó má baà yí mọ́. Nígbà tí ìyá sì lọ wẹ̀, ó tú u ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sọ fún ẹnì kankan. Ìyá dé, ó ní kó fà á kí òun gbọ́. Epo kún ẹ̀rọ lọ́fun, kò lè mí. Bí wọ́n ṣe lo ọ̀sán náà nìyẹn. Kò pẹ́ tí yóò tún ti di dídì, kò pẹ́ tí yóò tún ti di títú, ti ẹ̀yìn sì ń le ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn méjèèjì ń bú súkúrù, wọ́n ní ayé ti ba idẹ jẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ọmọ ju sípánà mọ́lẹ̀. Ó ta dúrọ́ọ̀mù nípàá, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tiro lọ sí iwájú ilé, ó dúró níbẹ̀, ó ń ronú ohun tó máa sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà ó pinnu pé òun á tún un tú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mú sikurudiráfà, ó yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ìyá rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó ti ẹnu ọ̀bẹ ìdáná bọ ojú súkúrù, ó ń dì í.

"Màámi!"

Ìyá yíjú padà. Ó wo ọmọ, ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ẹ̀rín bú lókè ògiri. Káfíńtà tí ilé rẹ̀ fara ti tiwọn ni, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri bí ẹni tó wá wòran.

"Láti ọ̀sán ni mo ti ń wò yín," ló wí. "Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á dì í. Bí ìyẹn bá kẹ̀yìn, èyí á tú u. Ẹ̀rọ yẹn ò ní ibà kankan, ẹ̀yin gan-an ni ibà tó ń ṣe é."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" ni ìyá bi í.

"Kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ dojú ìjà kọ mí?" Ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ògiri.

Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ purọ́ fún mi."

"Ìwọ náà purọ́ fún mi."

"Iṣẹ́ mi ni, Màámi! Ọ̀la ni!"

Ìyá wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. "Bí ẹ̀rọ bá gbọ́ tìrẹ láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "kí ni màá tún máa wá ṣe létí odò?"

Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ, ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù. "Ṣé kí iṣẹ́ mi wá bọ́ kí ẹ lè rí nǹkan ṣe ni?"

Ìyá fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó padà sórí àpótí rẹ̀, ó sì jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Ṣe é bí o ṣe fẹ́."

Ọmọ tú súkúrù níwọ̀nba, ó fa okùn, ẹ̀rọ sì jẹ́ ẹ. Bó bá sì jẹ́ ti ìyá ni wọ́n tẹ̀ lé látàárọ̀, tí wọ́n dì í níwọ̀nba tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ì bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta nínú wọn.

Ní òwúrọ̀, àwọn olùkọ́ ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò wọn lórí itan. Ìyá wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e lọ tààrà sí ìdí ẹ̀rọ, níbi tó máa ń jókòó sí. Ó di okùn mú, ó fà á. Apá kò gbé e dé ìdajì. Ó tún fà á, ó sì pa eyín pọ̀. Gbogbo ọkọ̀ ń wò ó, olùkọ́ kan sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ dúró lókè orí ìyá, ó fẹ́ já okùn gbà, ó sì ń bẹ̀rù ohun tí ìyẹn máa jẹ́ lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ìyá dìde. Ó gba àárín àwọn olùkọ́ kọjá, ó ń tọrọ gáfárà, ó sì jókòó síwájú pátápátá, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ.

Ọmọ fà á lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́. Wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ohùn ẹ̀rọ rẹlẹ̀ díẹ̀, ó ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọmọ wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ni ká ṣe sí i?"

"Èrò ni mí," ni ìyá wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Bi atukọ̀."

Ọmọ di súkúrù náà díẹ̀ kí epo lè dín kù, ẹ̀rọ gbà, wọ́n sì ń lọ.