Ọ̀nà Tó Ti Di Omi

"Mo ní kò sí ọ̀nà!" Ìgbà kẹrin rèé láti àárọ̀ tí Effie Koe ti ń pariwo ọ̀rọ̀ kan náà sínú fóònù.

"Màmá, ọ̀nà wà. Ó wà lórí máàpù níwájú mi báyìí," ni ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń sanwó ìrìnàjò dáhùn láti ìlú ńlá lọ́hùn-ún ní gúúsù. "Láti Aklavik tí ẹ wà sí Fort McPherson, bí ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà ni. A kì í fún ẹni tó lè wọ mọ́tò ní tíkẹ́ẹ̀tì bàálù."

Ẹ gbà mí o! Orí yìnyín ni ọ̀nà ọ̀hún wà. Bí odò bá dì gbagidi nígbà òtútù, mọ́tò á máa sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún la wà yìí, yìnyín ti ń fọ́ gbàù gbàù lẹ́yìn ilé Effie, ajá pàápàá kò jẹ́ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó ya máàpù kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà yẹn máa ń yọ́.

"Ó dáa, ọmọ mi, ìwọ wá wa mọ́tò náà," ni Effie wí. "Èmi á jókòó sẹ́yìn. Tá a bá rì, wàá ṣàlàyé fún ẹja."

Lorna, ọmọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín nídìí ààrò, àmọ́ ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀. Wilbert, ẹ̀gbọ́n Effie, ló ń kú lọ ní McPherson. Nínú ọmọ ìyá méje, àwọn méjì péré ló kù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè láti ọ̀hún pé ó ń béèrè, "Effie dà?" Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá gba ojú òfuurufú lọ, kò ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Pẹ́pẹ́yẹ ń lọ, ó ń bọ̀, kò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kankan.

Ọjọ́ kẹfà tó ti ń pè wọ́n ni ọ̀gá kan tó gbà láti fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bàálù kékeré gbé e, kò sì tíì jẹ búrẹ́dì tí Lorna dì fún un dé ìdajì tí wọ́n fi balẹ̀. Inú bí i débi pé kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

Percy, ọmọ Wilbert, ló wá pàdé rẹ̀. Ó ti ṣí fìlà.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Kò tíì ju wákàtí méjì lọ tí bàbá dákẹ́. A ń sọ fún wọn pé ẹ ti ń bọ̀."

Wọ́n kọrí sí ilé Wilbert.

"A ti wẹ̀ wọ́n," ni Percy wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Àmọ́ a ò ya irun wọn. Nílẹ̀ wa, àbúrò òkú ló ń ṣèyẹn."

Effie gba ìyarun, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ìbínú ọjọ́ mẹ́fà ru sí i lórí.

"Bọ̀dá Wilbert, kí ló kán yín lójú? Wákàtí méjì! Ẹ ò lè dúró dè mí fún wákàtí méjì!"

Ó ń sunkún, ó ń bá a jà, ó sì ń ya irun náà díẹ̀díẹ̀, kó má bàa dùn ún.